Ilé Agùntáṣọọ́lò ní Ẹ̀yìn Pápá Bàálù

Ilé tí Moróunkẹ́ ń gbé ni ó kẹ́yìn ní Ungwan Dorawa, ní apá Afaka, níbi tí ìgboro Kàdúná ti ń di oko. Lẹ́yìn ilé náà, oko àgbàdo ni. Lẹ́yìn oko, wáyà ìjọba. Inú wáyà ni pápá bàálù wà. Bí bàálù bá fẹ́ bà, orí òrùlé rẹ̀ ló máa ń gbà kọjá, páànù a sì máa gbọ̀n. Bàálù kò pọ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí ẹyọ kan péré ń wá, ọjọ́ mìíràn wà tí kò sí rárá. Moróunkẹ́ a máa mọ ọjọ́ tí kò sí, nítorí ọjọ́ náà a máa gùn.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa rán àpò ìdọ̀họ tó bá ya. Àwọn oníṣòwò ọkà a kó àpò òfìfo ránṣẹ́ sí i, òun a jókòó sí ẹnu ọ̀nà, a na ẹsẹ̀ méjèèjì, a fi abẹ́rẹ́ gígùn dí ojú ibi tí eku ti jẹ ẹ́. Bí ó bá rán an tán, a gbé e sókè sí oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ níbi kan, a tún ibẹ̀ rán.

Kò bímọ. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Àwọn Yorùbá tí wọ́n jọ wà ní àdúgbò náà ti kó lọ. Lẹ́yìn ìjà ẹ̀sìn ọdún 2000, àwọn Kìrìsìtẹ́nì tó wà ní àríwá ìlú sọdá odò lọ sí gúúsù, sí Trikania àti àyíká rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí tó wà ní gúúsù náà ń kó bọ̀ sí àríwá. Moróunkẹ́ kò kó. Ní ọjọ́ Àìkú, a máa ka Sáàmù tó mọ̀ sórí nínú yàrá, ohùn rẹ̀ kì í sì í dé ojú pópó. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń bá a sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ ni Maimunah, ìyá Hausa tó ń gbé ilé kejì. Èdè Hausa ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Yorùbá wá di ohun tí Moróunkẹ́ ń bá abẹ́rẹ́ àti àpò sọ.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí kò fi kó lọ ní láti kọ́kọ́ mọ bí ó ṣe wọ ilé ọkọ. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti gbé e níyàwó, ní ọdún 1974. Ní ilé ọkọ, ìyàwó kì í pe ẹnikẹ́ni tó bá níbẹ̀ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Ẹni tí wọ́n bá ti bí kí ìyàwó tó wọlé, ẹ̀gbọ́n ìyàwó ni. Ìyàwó ni yóò fúnra rẹ̀ wá orúkọ mìíràn tí yóò máa pè é, orúkọ tí inú onítọ̀hún yóò dùn sí. Àbúrò ọkọ rẹ̀ kan wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, ọlọ́rùn gígùn. Òun ló ru àpótí ìyàwó wọlé lọ́jọ́ náà, ó sì kọ̀ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Moróunkẹ́ wò ó láti abẹ́ ìbòrí, ó ní, "Ẹ ṣeun, Agùntáṣọọ́lò." Àwọn obìnrin ilé rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, Agùntáṣọọ́lò ni ó ń pè é. Kò sí ẹlòmíràn tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọdékùnrin náà a dá a lóhùn bí àgbàlagbà, a ní, "Ìyàwó, kí ló dé?"

Nígbà tí ọkọ Moróunkẹ́ ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ aláṣọ kan ní Kàdúná, ó mú ìyàwó rẹ̀ dání, ó sì mú àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú. Agùntáṣọọ́lò kọ́ iṣẹ́ jórinjórin níbẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Àwọn Hausa àdúgbò ń pè é ní Mai Walda, ìyẹn ni pé ẹni tó ń jó irin, wọn kò sì bèèrè orúkọ mìíràn. Òun ló ra ilẹ̀ ní Ungwan Dorawa lọ́wọ́ Mai Ungwa ìgbà náà, tí í ṣe olórí àdúgbò. Òun ló kọ́ ilé náà, yàrá mẹ́rin. Nígbà tí àìsàn dá ọkọ Moróunkẹ́ dúró lẹ́nu iṣẹ́, àbúrò ní kí ẹ̀gbọ́n òun àti ìyàwó máa bọ̀ wá bá òun. Ibẹ̀ ni ọkọ náà kú sí ní ọdún 1999. Wọ́n gbé e lọ sin sí Ògbómọ̀ṣọ́, Moróunkẹ́ sì padà sí Kàdúná, nítorí ilé àbúrò ọkọ ilé ọkọ ni.

Ní ọdún 2002, iṣẹ́ jórinjórin kò lọ dáadáa mọ́. Agùntáṣọọ́lò àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pinnu láti gba Kánò kọjá, kí wọ́n la aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà. Ní òwúrọ̀ tí ó ń lọ, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àtérígbà.

Ó ní, "Ìyàwó, má kó kúrò níbí. Ibí nìkan ni mo mọ̀ tí mo ti lè bá ọ."

Moróunkẹ́ ní òun kò ní kó.

Lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan, ẹnì kan tó ti Líbíà dé wá sọ pé òun rí i, ó wà láàyè, ó sì ní kí wọ́n kí ìyàwó òun. Lẹ́yìn èyí ni ogun bẹ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ mọ́. Moróunkẹ́ kì í sọ̀rọ̀ ogun náà. Bí rédíò bá ti dárúkọ Líbíà, a pa á.

Ní oṣù kẹta ọdún 2017, wọ́n ti pápá bàálù Àbújá pa láti tún ọ̀nà rẹ̀ ṣe. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Kàdúná ni àwọn bàálù Àbújá ń bà sí. Páànù Moróunkẹ́ kò sinmi. Maimunah ní bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, adìẹ òun kò ní yé mọ́. Ṣùgbọ́n Moróunkẹ́ fẹ́ràn rẹ̀. Ènìyàn ń kọjá lórí òun ní gbogbo ìgbà, ó sì dàbí ẹni pé ilé rẹ̀ ti sún mọ́ ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n padà sí Àbújá, ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e wúwo.

Àwọn ènìyàn ńlá ti rí i pẹ̀lú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọ̀nà bàálù kan kò tó ìlú bíi Kàdúná, pé ó yẹ kí wọ́n ṣe èkejì, bóyá kí wọ́n tilẹ̀ fi ẹ̀kẹta kún un. Àwọn awọnlẹ̀ dé. Wọ́n ri èèkàn tí wọ́n kun ní pupa mọ́ ilẹ̀ láti inú oko àgbàdo wá títí dé àárín àdúgbò. Ọ̀kan dúró láàárín ilé ìdáná Moróunkẹ́ àti kànga.

Ọ̀rọ̀ náà pín Ungwan Dorawa sí méjì. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí bàálù máa bọ̀, wọn yóò ríṣẹ́, àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà yóò máa gbéra láti ibi tí oríṣiríṣi bàálù wà. Àwọn àgbẹ̀ ní kí wọ́n wá ilẹ̀ síbòmíràn. Ní ilé Maimunah gan-an, ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ ẹ, àkọ́bí rẹ̀ sì fẹ́ ẹ gidi. Najeeb ni orúkọ ọmọ náà, ó ti ní ìyàwó, ó sì ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé èrò. Maimunah kì í pè é lórúkọ. "Ọkùnrin yẹn" ni ó ń pè é, nítorí ojú máa ń ti ìyá láàárín àwọn Hausa láti pe àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ. Moróunkẹ́ ti mọ èyí láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń gbé, kò sì yà á lẹ́nu rí.

Moróunkẹ́ kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń wo èèkàn náà. Bí wọ́n bá wó ilé yìí, tí Agùntáṣọọ́lò sì dé, níbo ni yóò ti bèèrè òun?

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin kan tí ìjọba rán wá láti bèèrè ẹni tó ni ilé kọ̀ọ̀kan. Raheemat ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìlọrin ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Rigasa, ní Kàdúná níbí, ni wọ́n bí i sí. Ó rí ilà ojú Moróunkẹ́, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Mà." Moróunkẹ́ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti kí i báyìí lójúkojú. Ó wọlé lọ bu omi tútù fún un, ó bi í léèrè ìyá rẹ̀, ó bi í léèrè bàbá rẹ̀, ó bi í léèrè agbo ilé wọn ní Ìlọrin. Ọmọ náà gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n èdè Hausa ni ó fi ń dáhùn. Ó ní Yorùbá òun kò jinlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ó bèèrè orúkọ ẹni tó ni ilé.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí àlejò bá bi ìyàwó ilé ní irú ìbéèrè yìí, ìyàwó a wo ọ̀tún, a wo òsì, a pe ọmọ ilé kan tó bá wà nítòsí, a ní kí ó wá sọ orúkọ bàbá rẹ̀ fún àlejò. Ọmọ a sọ ọ́, ọ̀rọ̀ a parí. Moróunkẹ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Adìẹ Maimunah ni ó wà ní àgbàlá.

Ó ní, "Agùntáṣọọ́lò ló ni ín."

"Agùn kí ni, Mà?"

Ó tún un pè, ó fà á díẹ̀díẹ̀ fún un. Raheemat rẹ́rìn-ín, ó ní orúkọ náà gùn, ó sì kọ ọ́ bí ó ṣe gbọ́ ọ. Ó dúpẹ́ omi, ó lọ sí ilé Maimunah. Ọkàn Moróunkẹ́ balẹ̀. Ó rò ó pé ọmọ Yorùbá ni, bí ó bá délé, ìyá rẹ̀ yóò sọ fún un pé orúkọ tí ìyàwó ń pe ará ilé ọkọ ni èyí, yóò sì padà wá bèèrè ti gidi lọ́nà mìíràn. Raheemat kò padà wá.

Ohun tó tẹ̀ lé e, orí rédíò ni Moróunkẹ́ ti gbọ́ ọ. Wọ́n ń ka orúkọ àwọn tó nílé ní ibi tí ọ̀nà bàálù lè gbà, wọ́n ní kí wọ́n wá sí ìpàdé. Moróunkẹ́ ń rán àpò lọ́wọ́. Ó gbọ́ tí ọkùnrin inú rédíò kọsẹ̀ lórí orúkọ kan, ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó sì pè é tán bákan ṣá. Agùntáṣọọ́lò. Ó kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu tirẹ̀ nìkan ni orúkọ náà ti ń jáde láti ìgbà tó ti wà láyé. Lẹ́yìn náà ó fetí sílẹ̀ bóyá wọn yóò tún un pè. Ó ń rò ó pé rédíò ń lọ jìnnà. Bí Agùntáṣọọ́lò bá wà níbikíbi tí ó ti lè gbọ́ ọ, yóò mọ̀ pé òun ni, yóò sì mọ ẹni tó ń pe òun.

Mai Ungwa ránṣẹ́ pè é ní ọjọ́ kejì. Ọ̀dọ́ ni Mai Ungwa yìí. Bàbá rẹ̀ tó ta ilẹ̀ náà ti kú. Ó fún Moróunkẹ́ ní àga, ó kí i dáadáa, ó sì bi í léèrè ta ni ẹni tí wọ́n dárúkọ yẹn, nítorí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ní Ungwan Dorawa. Ó ṣàlàyé bí yóò ṣe rí. Ní ọjọ́ ìpàdé, ará ilé kọ̀ọ̀kan yóò dìde dúró, yóò sọ orúkọ gidi tí ẹni tó ni ilé ń jẹ́, kì í ṣe ìnagijẹ, àti orúkọ bàbá rẹ̀ ní etí gbogbo ènìyàn. Aládùúgbò méjì yóò sì jẹ́rìí pé àwọn mọ̀ ọ́n. Ilé tí kò bá ti rí bẹ́ẹ̀, wọn yóò kà á sí ilé tí kò ní ẹni. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí ọ̀nà bàálù, irú ilé bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ wó, wọn kò sì ní bi ẹni tó wà nínú rẹ̀ pé ibo ló ń lọ.

Mai Ungwa ní, "Ìyá, sọ orúkọ rẹ̀ gan-an fún mi nísinsìnyí. Màá bá ọ tún un ṣe."

Moróunkẹ́ la ẹnu. Orúkọ náà wà níbẹ̀, ó mọ̀ ọ́n bí ó ṣe mọ tirẹ̀. Kò jáde. Ó ní òun yóò mú ẹni tí yóò sọ ọ́ wá.

Mai Ungwa wò ó pẹ̀lú àánú. Ó rò pé ó ti gbàgbé. Moróunkẹ́ rí i lójú rẹ̀ pé ohun tó rò nìyẹn, ó sì dùn ún dé ilé. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ti ṣàlàyé rẹ̀? Ọkọ ti lọ. Ìyá ọkọ ti lọ. Kò sí ọmọ tí yóò máa pe òun ní ìyá. Ohun tó kù tó fi jẹ́ ìyàwó nínú ilé yẹn ni pé orúkọ kan wà tí òun kì í pè. Bí ó bá pè é, ó di àlejò tó ń ṣọ́ ilé onílé.

Ní ọjọ́ Sátidé, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Trikania. Ó lọ wá Bàbá Túndùn, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó bá ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aláṣọ. Ọkùnrin náà ti darúgbó, ó jókòó sábẹ́ máńgòrò, ó ń fi ọ̀pá lé adìẹ.

Ó ní, "Moróunkẹ́. Mo rò pé bàálù ti gbé ọ lọ."

"Wọn ò ní àyè fún ẹni tó ń rán àpò ìdọ̀họ, Bàbá Túndùn."

Ó sọ ohun tó bá wá. Bàbá Túndùn rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Àṣé ilé ọkọ ò tíì tán lára rẹ."

"Ibo ni yóò tán sí?"

"Ọmọ tí mo ti gbá nídìí lẹ́ẹ̀mejì, torí ó jó ihò sí mi nínú ìkòkò. Débọ̀. Adébọ̀wálé ọmọ Ajíbóyè. Ṣé o rí i, òrùlé ò wó."

Moróunkẹ́ wolẹ̀. Ó ní, "Ẹ ti wí i."

Bàbá Túndùn ní òun yóò wá ní Ọjọ́bọ̀ tí ìpàdé náà bọ́ sí, òun yóò dúró níwájú wọn, òun yóò pè é kí odindi Kàdúná gbọ́. Ó fún un ní máńgòrò nínú láílọ́ọ̀nù. Wọ́n sọ̀rọ̀ ilé títí oòrùn fi yí, wọ́n ka àwọn tó ti kú, wọ́n ka àwọn tó ti kó lọ. Nígbà tí Moróunkẹ́ wọ ọkọ̀ padà, Yorùbá ṣì ń dún létí rẹ̀.

Yàrá ńlá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìpàdé. Najeeb fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbé ìyá rẹ̀ àti Moróunkẹ́ lọ. Èrò ti kún. Àwọn òṣìṣẹ́ jókòó nídìí tábìlì, Raheemat wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Moróunkẹ́ mú ìjókòó létí ìlẹ̀kùn kí Bàbá Túndùn lè rí i bí ó bá wọlé, ó sì gbé ìborùn rẹ̀ lé àga tó tẹ̀ lé e.

Olórí àwọn òṣìṣẹ́ náà jẹ́ ẹni pẹ̀lẹ́. Ó ní kò tíì sí ìpinnu kankan, èrò ará ìlú ni wọ́n wá gbọ́. Ọ̀dọ́ kan dìde, ó ní ìlú tí bàálù kì í bà sí, ìlú tí ayé gbàgbé ni. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Àgbẹ̀ Gbagyi kan tó ti dàgbà dìde, ó fi fìlà nu ojú.

Ó ní, "Ọ̀nà tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ewúrẹ́ mi mọ̀ ọ́n ju bàálù lọ. Ẹ wá fẹ́ ṣe èkejì. Ta ni yóò máa lò ó, àwọn àgùntàn?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́ náà ní kí Bàbá má ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ rẹ̀ yóò ríṣẹ́ níbẹ̀.

"Ọmọ mi níṣẹ́. Oko tí ẹ fẹ́ gbà yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀."

Ariwo sọ. Wọ́n jà á báyìí fún ìgbà pípẹ́, olúkúlùkù sì ní ohun tó fi ń jà. Ẹnì kan ní bàálù yóò lé àwọn ẹyẹ tó ń jẹ ọkà, ẹnì kan ní yóò lé àwọn ọmọ pẹ̀lú. Moróunkẹ́ kò gbọ́ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀. Ojú ọ̀nà ni ó ń wò.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ilé, ó jáde sí ìta, ó fi fóònù rẹ̀ pe Bàbá Túndùn. Obìnrin ni ó gbé e. Túndùn ni, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Àbújá.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mà. Bàbá wà lọ́dọ̀ mi. Mo wá mú wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Wọ́n sùn lọ. Ṣé kí n jí wọn?"

Moróunkẹ́ rò ó bóyá ohùn inú fóònù lè tó. Ṣùgbọ́n Mai Ungwa ti ní ẹni tí yóò dìde dúró ni. Ó ní kí Túndùn jẹ́ kí bàbá rẹ̀ sùn, kí ó bá òun kí wọn bí wọ́n bá jí.

Bí ó ṣe wọlé ni wọ́n ń pe Agùntáṣọọ́lò. Olórí òṣìṣẹ́ náà pè é, ó kọsẹ̀ bíi ti inú rédíò, ó sì wo Raheemat. Raheemat tọ́ka sí Moróunkẹ́. Mai Ungwa béèrè bóyá ẹni tó fẹ́ mú wá ti dé. Moróunkẹ́ gbé ìborùn rẹ̀ kúrò lórí àga tó ṣófo, ó rọ̀ ọ́ mọ́ èjìká. Ó rìn lọ síwájú. Ó wo àwọn tó jókòó láti ìlà kìíní dé ìlà ìkẹyìn. Kò sí ọmọ ilé kankan nínú wọn.

Ó kúnlẹ̀.

Ó kọ́kọ́ fi Yorùbá sọ ọ́, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ẹ má bínú, Agùntáṣọọ́lò." Lẹ́yìn náà ó gbé ohùn sókè, ó fi èdè Hausa sọ fún àwọn ènìyàn pé ẹni tó ni ilé náà ń jẹ́ Adébọ̀wálé, pé bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Ajíbóyè, pé òun ni wọ́n ń pè ní Mai Walda.

Kò tíì dìde. Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà, ó dúró díẹ̀, bí ènìyàn ti í dúró nígbà tó bá pe ẹnì kan. Oòrùn ni ó wà lẹ́nu ọ̀nà, àti ajá kan tó sùn.

Olórí òṣìṣẹ́ náà dìde, ó ní kí Mama jọ̀wọ́ má kúnlẹ̀ bẹ àwọn, àwọn kò tíì gba ilé ẹnikẹ́ni. Raheemat ń pa èyí tó kọ tẹ́lẹ̀ rẹ́, ó ń kọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́, kò sì gbójú sókè. Àgbẹ̀ Gbagyi náà ní òun mọ Mai Walda, pé ọkùnrin náà ló jó géètì ilé òun, géètì náà kò sì tíì yẹ̀. Ọkọ Maimunah ní òun náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ó ti tó. Wọ́n pe ilé tó kàn.

Bí Moróunkẹ́ ṣe padà dé àyè rẹ̀, Maimunah sún mọ́ ọn. Kò sọ ju "Sannu" lọ, bí wọ́n ti í sọ fún ẹni tó gbé ẹrù wúwo tàbí tó fi ẹsẹ̀ gbá òkúta. Nínú gbogbo ilé yẹn, òun nìkan ló sọ ọ́.

Wọn kò pinnu nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní àwọn yóò gbé ọ̀rọ̀ dé òkè, kí èèkàn ṣì wà níbi tó wà. Nínú kẹ̀kẹ́, Najeeb ń sọ fún ẹ̀yìn pé ọ̀nà bàálù kejì yóò wá dandan, pé ẹ̀rù ló kàn ń ba àwọn àgbàlagbà. Ìyá rẹ̀ ní kí ó máa wo ọ̀nà. Maimunah yíjú sí Moróunkẹ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ má baà gbọ́.

Ó ní, "Bí ó bá dé, kí ni wàá pè é?"

"Agùntáṣọọ́lò."

"Bí ó bá wá gbọ́ pé wọ́n pe orúkọ òun ní ilé ìwé ńkọ́?"

Moróunkẹ́ rò ó. Ó ní, "Màá ní ìjọba ló pè é."

Maimunah fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Moróunkẹ́ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà Maimunah bèèrè, láìwò ó, bóyá ó rò pé ọkùnrin náà ṣì wà láyé.

"Èmi ò mọ̀," ni Moróunkẹ́ wí. "Bí ó bá wà, ibí ni ó mọ̀."

Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Maimunah wọ ilé tirẹ̀ lọ, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ sì bò ó. Ariwo wọn ń wá láti orí ògiri. Moróunkẹ́ ṣílẹ̀kùn. Yàrá mẹ́rin náà wà bí ó ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì pe Agùntáṣọọ́lò lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnu rẹ̀ má baà gbàgbé. Lẹ́yìn náà ó lọ bu omi mu.